Àárọ̀ Tí Ìyá Àgbà Jẹun Lórí Afárá Aláró

Ẹnì kan ń kọ́lé ní ojúlé kẹta sí tiwa ní Ìkìrun níbí. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń la òkúta fún ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìró òòlù wọn sì máa ń wọlé tọ̀ mí wá láràárọ̀: kò, kò, kò, lẹ́yìn náà kí n gbọ́ kẹ̀ù kan tó yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ẹni tó bá mọ òkúta mọ̀ pé nígbà tó bá dún kẹ̀ù yẹn ló ti là. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní ariwo náà kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ fóònù dáadáa. Ní tèmi, gbogbo ìgbà tó bá dún ni mo máa ń padà di ọmọ ọdún mẹ́jọ tó na gbalaja sórí yanrìn lábẹ́ afárá, tó ń wo òkè.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò Aláró ti gbẹ dé ibi tí omi rẹ̀ kò ju okùn aṣọ lọ. Èmi àti Ràbí, ọmọ ilé tó kángun sí tiwa ní abà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi, la wá pọn omi. Ó ń fi igbá bu omi díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò, èmi sì lọ wá ibòji sábẹ́ afárá. Láti ìgbà tí mo ti mọ ẹsẹ̀ gbé ni mo ti ń gba orí afárá yẹn kọjá, àmọ́ mi ò rí ikùn rẹ̀ rí. Òkúta ńláńlá ni, èyí tó kéré jù nínú wọn tó orí màlúù, wọ́n tò wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ láti etí odò kan dé èkejì, wọ́n sì tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun tí ọdẹ fà. Kò sí igi lábẹ́ wọn. Kò sí irin. Ìtànṣán oòrùn ń gba àárín òmíràn wọlé. Afẹ́fẹ́ nìkan ló wà láàárín àwọn òkúta yẹn àti imú mi.

Mo kígbe pe Ràbí. "Ìwọ wá wò ó! Kò sí ohun tó gbé e dúró!"

Ràbí yọjú, ó wo òkè, ó wò mí. Ó ní, "Dìde kúrò níbẹ̀ kó tó rántí."

Mi ò dìde. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, mo lè sọ pé mi ò tíì dìde.

Nígbà tí mo délé, mo bi Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, pé kí ló dé tí àwọn òkúta náà kò ṣubú. Wọ́n ń yan ata lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Bóyá wọ́n ti mulẹ̀ ni," wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Èsì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ kejì, mo mú isu kan nínú àká, mo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo jẹ́ kí orí ègé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, mo kó wọn sórí ìdí igbá kan tí mo dojú rẹ̀ dé, mo sì fi bíríkì méjì tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Mo wá rọra yọ igbá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Isu náà dúró! Mo gbé òkúta wẹ́wẹ́ lé e, ó tún dúró gírígírí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń jó ni Ìyá àgbà jáde, tí wọ́n rí ohun tí mo fi isu wọn ṣe. Mi ò ní sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Ẹ kàn jẹ́ kó yé yín pé a fi epo jẹ afárá náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó pẹ́ kí n tó rí ìwé tó ṣàlàyé ohun tí isu ti fi hàn mí. Òkúta kọ̀ọ̀kan fẹ́ já bọ́, àmọ́ ó fẹ̀ lórí, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, nítorí náà bó bá fẹ́ wá sílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tì. Àwọn yẹn náà á ti àwọn tó kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹrù náà á fi dé etí odò lọ́tùn-ún lósì, kí ilẹ̀ tó gbà á. Bí ẹrù bá ṣe ń wọ̀ ọ́ lórí ló ṣe ń fún mọ́ra. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, pákó ló kọ́kọ́ gbé e dúró lábẹ́, gẹ́gẹ́ bí igbá mi. Òkúta tó wà láàárín gbùngbùn òkè ni wọ́n ń fi sí gbẹ̀yìn, òun ló ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ forí jì mí, ẹnu mi kì í tán lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Abà wa wà ní òdìkejì Odò Aláró sí Ìnísà, lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ sí Òkukù. Odò náà kò tóbi, inú odò Ọ̀tìn ló ń lọ dà sí, àmọ́ lásìkò òjò ó máa ń ya wèrè. Àwọn àgbà kan fẹ́ràn láti máa sọ pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni afárá náà ti wà. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, kì í kàn án ṣe òótọ́. Mo ti lọ fi ọwọ́ mi pa àwọn òkúta tó wà lábẹ́ ojú irin nítòsí Ìkìrun, níbi tí omi ń gbà kọjá, mo sì ti pa ti Aláró. Àpá irin tí wọ́n fi gbẹ́ méjèèjì rí bákan náà: ó máa ń dagun sí òsì, bíi ti ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì. Ìtàn tí wọ́n sọ nílé wa sì bá a mu, pé bíríkìlà kan tó bá àwọn tó la ojú irin ṣiṣẹ́ fẹ́ ìyàwó ní abà yìí, pé odò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé obìnrin náà lọ tòun ti oyún, àti pé nígbà tó bímọ láyọ̀, ọkọ rẹ̀ kọ́ afárá náà láti fi dúpẹ́.

Ohun tó sọ afárá náà di ìlúmọ̀ọ́ká ni Gálílì. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà àti Onítẹ̀bọmi láti Ìkìrun, Ìbà àti Èkó-Èndé máa ń jí rìn, wọ́n á kó ara wọn jọ ní Ìnísà, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn lọ sórí àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn Òkukù, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ti ń jọ́sìn kí wọ́n tó ní ilé. Ojú ilé wa ni wọ́n ń gbà. Ẹ bá rí ìkòkò mọ́ínmọ́ín, kẹ́tùlù, ẹní, àwọn ìyá tó wé gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó, àti àwọn bàbá tó ń làágùn nínú kóòtù. Èèyàn méjì kò lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí afárá náà, oníkálukú sì máa ń bọ́ bàtà kó tó gùn ún. Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa sọ fún wa pé nítorí ilẹ̀ mímọ́ ni. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: òkúta orí rẹ̀ ti dán, bàtà aláwọ sì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, mo ṣì ń bọ́ tèmi, nítorí ìdí méjèèjì.

Ràbí, tó jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí pọ́nńbélé, kì í gbẹ́yìn ní Gálílì. Ìyá rẹ̀ ló ń dín ẹ̀wà fún wa láti gbé dání. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń wá láàárín àwọn onígbàgbọ́, á ní, "Ẹ̀wà wa ni mo ń sìn lọ."

Ọdún kan wá dé tí ìjọ fẹ́ kọ́ ilé tuntun ní Ìnísà. Wọ́n ti da ọ̀dà sójú títì ńlá nígbà náà, lọ́rì ti ń ná Ìkìrun sí Òkukù, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì ti ń hu koríko. Bàbá Ìjọ, tó ń darí iṣẹ́ ìkọ́lé náà, kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Òkúta ìpìlẹ̀ ló ń wá, ó sì rí òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ tán lórí odò tó lérò pé ẹnikẹ́ni kò rékọjá mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, wọ́n kéde pé Gálílì ọdún yẹn ni ìgbẹ̀yìn tí a máa gba afárá Aláró, pé lọ́jọ́ kejì Gálílì ni àwọn bíríkìlà máa wá wó o, kí òkúta rẹ̀ lè di ti ilé Ọlọ́run. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà mi wà láàárín wọn, àmọ́ wọn ò pàtẹ́wọ́.

Orúnkún Ìyá àgbà ti bàjẹ́. Wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀ sínú odò kí wọ́n sì gòkè, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìgbà òjò. Bí wọ́n bá wó afárá, wọn ò ní lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà mọ́. Àfi kí wọ́n lọ máa gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé ní ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi nílùú, kí wọ́n fi oko ata wọn sílẹ̀, àti igi ọsàn, àti ibojì ọkọ wọn. Èmi náà á padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Ìkìrun. Ilé bíi mélòó kan péré ló kù ní abà náà. Bí ti Ìyá àgbà bá ṣófo, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ Gálílì, gbogbo èèyàn dágbére fún afárá. Àwọn kan tilẹ̀ sunkún díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí mọ́ínmọ́ín. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá àgbà gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sí àárín afárá, wọ́n gbé abọ́ èkuru lé ẹsẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Àwọn bíríkìlà mẹ́ta dé pẹ̀lú òòlù, dígà àti bárò. Ọ̀gá wọn dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú oúnjẹ, mà."

"Ẹ wá bá mi jẹ ẹ́."

"Á gba ibi ire, mà. Ṣé ẹ máa pẹ́ níbẹ̀?"

"Eyín mi ò pé mọ́, ọmọ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè ní, kí ló dé tí wọn ò sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde? Ẹni tó bá bi irú ìbéèrè yẹn kò gbé ìlú wa rí. Ẹnikẹ́ni kì í lé àgbàlagbà dìde nídìí oúnjẹ. Ọlọ́pàá kì í ṣe é. Ẹni tó bá ṣe é, wọ́n á máa fi bú ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá bíríkìlà mọ̀ ọ́n, ó jókòó sábẹ́ igi, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ náà jókòó. Ìyá àgbà ń fi ìka méjì ṣa èkuru bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Kékeré inú àwọn bíríkìlà ní, "Ọ̀gá, bíi pé Ìyá yìí ń ka èkuru ni o."

"Pa ẹnu ẹ dé. Ìyá tìẹ kì í jẹun ni?"

Oòrùn ń gòkè, èkuru ń lọ sílẹ̀. Èmi àti Ràbí dúró létí odò, a ń wo abọ́. Bí abọ́ yẹn bá ṣófo, Ìyá àgbà máa fọwọ́, bí wọ́n bá sì ti fọwọ́, ọ̀rọ̀ parí. Mo rí i tí wọ́n ń fi ìka wá ìyókù létí abọ́. Ni Ràbí bá ki eré mọ́lẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn oko lọ, ó sì rọra rìn padà wá pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà tó ń yọ èéfín lórí. Ó kúnlẹ̀ lórí afárá, ó gbé e fún wọn, ó sì sọ ọ́ sókè kí àwọn bíríkìlà lè gbọ́:

"Ìyá mi ní kí ẹ máa rọra jẹ ẹ́ o, òmíràn wà lórí iná."

Ọ̀gá bíríkìlà gbé ọwọ́ lérí. Ó rán èyí àárín lọ pe Bàbá Ìjọ.

Bàbá Ìjọ dé lórí kẹ̀kẹ́, ó ń mí hẹlẹ. Ìyá àgbà mi ló wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ-ọwọ́, nítorí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn nígbà tó bí i. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta tòun ti ṣòkòtò funfun.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mà, àwọn òṣìṣẹ́ yìí ti ń dúró láti òwúrọ̀."

"Mo rí wọn. Mo ní kí wọ́n wá jẹun, wọ́n kọ̀. Ìwọ náà fẹ́ kọ oúnjẹ mi?"

Ó wo ẹ̀wà. Ó wo àwọn bíríkìlà. Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó jókòó sí etí afárá, ó bá wọn tọwọ́ bọ abọ́.

"Ìyá, ilé Ọlọ́run ni a fẹ́ fi kọ́," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́.

"Mo gbọ́. Ibí yìí ni mo ń gbà lọ síbẹ̀."

Ìyá àgbà gbé ẹ̀wà mì.

"Ṣé òkúta lẹ ń wá, àbí afárá?"

"Òkúta ni, mà."

"Òkúta bàbá àwọn ọmọ mi wà ní ilẹ̀ wa ní Ìnísà. Ẹ lọ kó o."

Bàbá Ìjọ dáwọ́ oúnjẹ dúró. Gbogbo Ìnísà ló mọ òkìtì òkúta yẹn. Bàbá àgbà mi ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kó o jọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé ẹ̀ẹ̀rùn, kí òun lè kọ́ ilé sílùú fún ìyàwó rẹ̀. Ikú kò jẹ́ kó gbé ọ̀kan lé èkejì. Láti ìgbà tó ti kú, Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé, "Ilé mi nìyẹn," bí ẹni pé yàrá ti wà níbẹ̀.

"Ìyá," Bàbá Ìjọ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, "ilé yín mà ni."

"Ẹnì kankan ò tíì sùn nínú ilé yẹn rí. Afárá yìí, gbogbo yín lẹ gbà á kọjá lánàá." Wọ́n ti abọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Jẹ ìyókù, kó má ṣòfò."

Ó jẹ ẹ́ tán. Ìyá àgbà wá fọwọ́, wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n sì dìde fúnra wọn. Àwọn bíríkìlà ti bárò wọn padà sí Ìnísà láìfi òòlù kan ohunkóhun. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti ń gbọ́ pé òkìtì náà ń lọ sílẹ̀. Ìyá àgbà kò lọ wò ó. Mo bi wọ́n pé ṣé kò dùn wọ́n.

Wọ́n ní, "Ó dùn mí. Lọ fọ abọ́ ìyá Ràbí."

Ọdún yẹn ni mo máa ń rántí nígbà tí mo bá fẹ́ dúpẹ́ tí mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Orí òkúta bàbá àgbà mi ni ilé ìjọsìn yẹn dúró lé títí di òní, àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀ kò sì mọ̀. Mo wà ní abà títí mo fi parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà ń fi ẹsẹ̀ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì títí di ọdún tí wọ́n kú, wọ́n sì gbé wọn gba orí Aláró padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Ràbí náà ti lọ, kí Ọlọ́run fi àljánnà kẹ́ ẹ. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ó bi mí bóyá mo ti wá mọ ohun tó gbé afárá wa dúró. Mo ṣàlàyé fún un, mo fi ìrọ̀rí àti ìwé ṣe àpẹẹrẹ lórí ibùsùn rẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ títí, ó wá ní, "Mi ò tíì gbà," ó sì rẹ́rìn-ín.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń lọ sí Gálílì báyìí. Wọ́n ń dé Òkukù kí kẹ́tùlù tó tutù, wọ́n sì ti yí ọgbà ká àpáta náà. Mi ò bá wọn jà. Orúnkún tèmi náà ti ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ abà wa kò tú. Ó ti gbòòrò sí i ni, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí mo mọ̀ ló ń dáko níbẹ̀. Afárá náà ni àwọn ọmọ wọn ń gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kadà sì ń gbé ata àti ìrèké kọjá lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìlànà.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mo ń fa koríko ara rẹ̀, mo sì ti wọn gbogbo ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá ni láti etí omi kan sí èkejì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìyẹn ní gíga láti orí yanrìn dé ikùn òkúta òkè. Ní èṣí, mo rí ohun tó já mi láyà: gbòǹgbò igi ọdán kan ti wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níhà Òkukù, ó sì ti là á débi tí ìka mi lè wọ̀ ọ́. A gé igi náà. Àmọ́ ìbéèrè tó kù ni bóyá ojú sísán náà ti dúró, àbí ó ṣì ń ṣí. Bó bá ṣì ń ṣí, àfi ká dí ọ̀nà náà kí odò tó kún, kí àwọn ọmọ máa gba ojú títì níbi tí àwọn tírélà ń sáré.

Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ń lò. Wọ́n máa ń fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lẹ ègé gíláàsì tín-ín-rín mọ́ òkúta, kí ó dábùú ojú ibi tó sán. Gíláàsì kò ní sùúrù. Bí òkúta bá sún bí irun orí lásán, á fọ́. Mo lẹ mẹ́rin, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, mo sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni òjò dé, Aláró sì ya wèrè rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni omi bo ìdajì ikùn afárá. Mi ò lè sún mọ́ ọn. Ilé ni mo jókòó sí, tí mo ń bínú sí ojú ọ̀run.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni omi fà. Mo bọ́ bàtà mi, àwọn ọmọ ọmọ mi dì mí lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀, mo fi aṣọ nu ẹrẹ̀ kúrò lára àwọn gíláàsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé ojú lásán lè má rí ibi tó ti sán. Ti ìsàlẹ̀ wà lódidi. Èkejì wà lódidi. Ẹ̀kẹta wà lódidi. Èyí òkè, tí mo bẹ̀rù jù, wà lódidi.